Bí A Ṣe Bá Àbúrò Wa Múra Ìdánwò Ìṣègùn ní Ko-Koumolou

 Ìbéèrè kan wà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí wọn kò tíì bi ní ilé rí: 'Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ èdè ṣe?' Ní Ko-Koumolou tiwa, lábẹ́ Ifangni tí àwọn àgbà ń pè ní Ìfọ̀nyìn, bàbá wa a máa sọ fún àlejò pé ọmọ òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Àlejò á wá wo ojú wa bí ẹni pé a kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ kí a tó kúrò nílé. Ní ìparí ọdún 2024, iṣẹ́ náà wá bá wa. Àbúrò wa obìnrin kan fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB ti 2025 láti lọ kọ́ ìṣègùn òyìnbó ní Nàìjíríà, wọ́n sì fà á lé wa lọ́wọ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a sọ ẹni tí a jẹ́. Àwa mẹ́ta tí a pín iṣẹ́ náà ṣe, inú agbo ilé kan ni a ti dàgbà. Faransé ni wọ́n fi kọ́ gbogbo wa láti ọjọ́ tí a ti mọ kálámù í dì mú títí a fi yege bac. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ṣe bac D, ó mọ ẹ̀kọ́ nípa nǹkan ẹlẹ́mìí dáadáa. Èkejì ṣe bac C, ìṣirò ni tirẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ kọ èyí ṣe bac A2, ó sì ti rì sínú ìró fáwẹ̀lì àti ọ̀rọ̀ àyálò bí ẹ̀yin náà ti rì. Àbúrò wa ní tirẹ̀, ọmọ àbúrò bàbá wa ni, Ìdírókò ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣòwò, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kàwé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹkùn wa mọ̀ pé Igolo wà ní ìhà tiwa, Ìdírókò wà ní ìhà kejì, ẹnubodè ni ó sì wà láàárín, kì í ṣe òkun, kì í ṣe òkè. Ilé kan náà lè ní ọmọ tí ń kọ 'bonjour' àti ọmọ tí ń kọ 'good morning', kí àwọn méjèèjì sì jọ máa fi Nàgó jà lórí ẹran. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ti Ìdírókò kò ṣí padà títí di ọdún 2022. Ní gbogbo àkókò yẹn a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ìgbà tí yóò fi padà máa wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, ó ti di ọmọge tí ń sọ pé iṣẹ́ dókítà ni òun yóò ṣe, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì ń yọ̀ lẹ́nu bí epo.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ JAMB: ọdún 1978 ni ìjọba Nàìjíríà dá a sílẹ̀ kí ó máa ṣètò ìwọlé sí yunifásítì láti ojú kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ìṣègùn yóò ṣe iṣẹ́ mẹ́rin, àwọn ni Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Use of English, bàyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, 40 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́ta yòókù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì ni wọ́n sì fún un. Èkejì wa tí ó mọ ìṣirò kò tilẹ̀ mú bírò kí ó tó sọ pé ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ni ìbéèrè kan ní. Máàkì 400 ni òpin rẹ̀. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn yunifásítì náà tún máa ń yẹ ọmọ wò fúnra wọn, nǹkan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Àwọn tí ń jókòó fún un lọ́dún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì. Lọ́dọ̀ tiwa ní Benin, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti ìjọba wà ní Kútọnu, ó sì wà ní Parakou láti 2001, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní méjèèjì. Ọmọ tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì ka ìwé láti kékeré kò lè déédéé yà síbẹ̀.

Àbúrò wa ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní 2024. Máàkì 214 ni ó gbà. Bàbá rẹ̀ sọ pé òun yóò sanwó lẹ́ẹ̀kan sí i, pé bí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí kò bá bọ́ sí i, ìyá kan tí ń ránṣọ ní Igolo ti gbà láti kọ́ ọ níṣẹ́. Kò fi ibinu sọ ọ́. Àwọn mẹ́rin ni ó ń bọ̀ lẹ́yìn ọmọ náà, epo pupa sì ni gbogbo wọn ń jẹ lára rẹ̀.

Ìwé èsì 2024 náà ni a kọ́kọ́ béèrè. Bàyọ́lọ́jì 62, kẹ́mísírì 58, físíìsì 51, Use of English 43. A wo ara wa. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé e ṣubú! Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ti gbé ìwé nípa ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín jáde, ó rọra dá a padà sínú àpò. Bí èdè ṣe di iwájú nìyẹn, tí ẹ̀kọ́ tí bàbá wa ń fi wá ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ́dọ̀ àlejò sì di nǹkan tí wọ́n ń ra epo sí àtùpà fún.

Ibi tí ó ti pàdánù jù ni apá tí wọ́n ń pè ní oral forms. Ẹ ó fẹ́ràn apá yìí, àmọ́ ó tún lè bí yín nínú. Wọn yóò kọ ọ̀rọ̀ kan, wọn yóò fa ìlà sí abẹ́ lẹ́tà kan nínú rẹ̀, wọn yóò ní kí o mú ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ní ìró kan náà. Kò sí ẹni tí yóò pe ọ̀rọ̀ náà létí rẹ, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ bí o ṣe pè é. Ìdánwò ohùn tí kò ní ohùn! Ọmọ tí ó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti ọmọdé yóò wo 'blood', 'food' àti 'good', yóò rí 'oo' nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ní rántí pé ìró mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ó ń sọ wọ́n lójoojúmọ́, kò fetí sí wọn rí ni.

A ní ìṣòro tiwa náà. Gẹ̀ẹ́sì tí àwa kọ́ nínú kíláàsì, olùkọ́ tí ó fi Faransé kọ́ni ni ó kọ́ wa. Bí a bá pe 'thank', 'sank' ni yóò jáde. Bí àbúrò wa bá pè é, 'tank' ni. Bí ó bá pe 'cut' àti 'cot', ìró kan náà ni, fáwẹ̀lì 'ọ' wa ni ó ń fi sínú méjèèjì. Bí àwa bá pe 'cut', a fi fáwẹ̀lì inú 'cœur' ti Faransé pè é, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti inú ẹ̀rín yẹn ni a ti rí ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọ. A sọ pé kí òun pe ọ̀rọ̀ kan, kí àwa náà pè é. Níbi tí ẹnu rẹ̀ àti ẹnu wa bá ti yàtọ̀ síra, ọ̀kan nínú wa ti ń fi ìró ilé rọ́pò ìró Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ àwa méjèèjì. Ibẹ̀ ni a ó ti ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, tí a ó wo àmì ìró tí wọ́n kọ síwájú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí oṣù kan fi pé, ó ń ka àmì ìró bí ẹni ń ka ABD. Ó kù díẹ̀ kí ó ju díẹ̀ nínú àwa ọmọ ọdún kìíní lọ, a kò ní dárúkọ ẹnì kankan.

Ọ̀nà yìí ní ibi tí kò dé. 'Ship' àti 'sheep' kò sọ ohunkóhun fún wa, nítorí ẹnu tirẹ̀ àti ẹnu tiwa kò yàtọ̀ níbẹ̀ rárá. Yorùbá ní fáwẹ̀lì àìránmúpè méje, 'i' kan ṣoṣo sì ni ó wà nínú wọn, kan ṣoṣo náà ni Faransé ní. Irú èyí, a kàn kọ wọ́n sára ògiri ni. Ògiri yàrá ìyá àgbà kún fún 'ship', 'sheep', 'live', 'leave', títí ìyá àgbà fi béèrè bóyá oògùn ni a ń kọ.

Èyí tí ó dùn mọ́ wa jù ni ti stress, ìyẹn ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Wọn a kọ ọ̀rọ̀ onísílébù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn a ní kí o mú ibi tí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ wà. Àbúrò wa ń fi orí-ò-dorí mú un. A sọ fún un pé kò yẹ kí ọmọ Yorùbá máa méfò níbí, nítorí àwọn bàbá wa ti ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un. Bí Yorùbá bá yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni a máa ń gbé ohùn òkè lé. Dókítà: ohùn òkè bẹ̀rẹ̀ láti 'dó', Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ ìbẹ̀rẹ̀ 'doctor' mọ́lẹ̀. Tíṣà, gómìnà, bákan náà. Kọ̀ǹpútà: ohùn ìsàlẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀, 'pú' ni ó lọ sókè, ibẹ̀ gan-an ni ìtẹ̀mọ́lẹ̀ 'computer' wà. Hòtẹ́ẹ̀lì, 'tẹ́' ni. Yunifásítì, 'fá' ni ohùn ti gbéra. Ìwọ ṣáà fi ẹnu ìyá àgbà pe ọ̀rọ̀ náà, kí o gbọ́ ibi tí ohùn ti kọ́kọ́ gòkè. Ojú ọmọ náà là! Ó lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko tí ó ń rìn kiri inú ọgbà, tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbogbo di Yorùbá.

Àmọ́ àyálò kì í ṣe ìwé òfin, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n yóò tàn ọ́, nítorí 'fí' ni a gbé sókè, Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a sì fẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ọsibítù, òun náà tàn wá: ìbẹ̀rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú 'hospital', ohùn tiwa gòkè ní 'bí'. A kó àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ̀nyí sí ojú ìwé kan lọ́tọ̀. Fún àwọn tí kò sí nínú àyálò rárá, bí 'photograph', 'photography' àti 'photographic' tí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ wọn ń sá láti sílébù kan bọ́ sí òmíràn, ìrù ọ̀rọ̀ ni a fi kọ́ ọ: bí ó bá parí sí '-ic', sílébù tí ó ṣáájú rẹ̀ ni kí o máa wò.

Ti àyọkà kíkà kò fi bẹ́ẹ̀ yé wa bí a ó ti ṣe é. Ọmọ náà mọ ìwé í kà, ó kàn ń kà á bí ẹni tí ń ka Bíbélì ni, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 kò gba ọ̀wọ̀. A ní kí ó máa ka ìbéèrè kí ó tó ka àyọkà. A fi aago fóònù lé e nídìí. Ìwé ìtàn tí JAMB yàn fún 2025, The Lekki Headmaster, ó kà á tán lẹ́ẹ̀mẹta, ìyá àgbà sì ti mọ orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ nítorí pé a máa ń tú u sí Nàgó fún un ní alaalẹ́.

Kò sí ilé ìdánwò oníkọ̀ǹpútà ní Ko-Koumolou. Kọ̀ǹpútà àgbélétan kan tí bátírì rẹ̀ ti kú ni a lò, tí iná bá ti lọ, òun náà ti lọ. Nígbà tí a gbọ́ pé bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ni JAMB ń fẹ́ kí ènìyàn mọ̀, ìyẹn A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ àti R láti dá a dúró kí o má fi sílẹ̀ mọ́, a ya mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí páálí. Ní òru tí kò sí iná, páálí ni ó ń tẹ̀, àwa ń ka ìbéèrè, àwa náà ni kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí a wá bọ́ sí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni a rí i pé àwa olùkọ́ ni ó ń fa wàhálà. Ẹ̀gbọ́n wa ń sọ pé 'azote', ọmọ náà ń wò ó, 'nitrogen' ni ó mọ̀. Ó ní 'glucide', 'carbohydrate' ni ìwé ọmọ náà ń wí. Ní ọjọ́ kan ó kọ 0,5 sílẹ̀, ọmọ náà béèrè ohun tí kọ́mà ń wá láàárín òdo àti márùn-ún, nítorí àmì ìdánudúró ni àwọn ń fi síbẹ̀ ní tiwọn. 'Billion' tún wà: ti Faransé jẹ́ mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, ti Gẹ̀ẹ́sì òde òní jẹ́ mílíọ̀nù lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Èyí tí a kò ní gbàgbé ni pé ẹ̀gbọ́n wa rí 'physician' nínú àyọkà kan, ó sì ṣàlàyé fún ìdajì wákàtí pé onímọ̀ físíìsì ni ọkùnrin náà, nítorí ohun tí 'physicien' jẹ́ ní Faransé nìyẹn. Ọmọ náà fi sùúrù gbọ́ ọ tán, ó wá ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe ni wọ́n ń wí níbí.'

Nígbà tí a ń wá ohun tí a ó fi kọ́ ọ, a wo bí wọ́n ti ń ṣe é níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, láti 1928 ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò òye fún àwọn tí ó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, nítorí pé àwọn tí ń já sílẹ̀ láàárín ọ̀nà ti pọ̀ jù. Èyí tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní MCAT lónìí. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ kìkì àyọkà kíkà, ìbéèrè 53 fún wákàtí kan ààbọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, UCAT ni wọ́n ń ṣe. 2006 ni ó bẹ̀rẹ̀, ó sì yí orúkọ padà ní 2019. Láti 2025, ìbéèrè 44 nípa àyọkà ni wọ́n ń dáhùn níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 22. Ìṣẹ́jú ààbọ̀ fún ìbéèrè kan! Wọ́n tún ní apá kan tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe bí aláìsàn bá ṣe báyìí tàbí báyìí, ìyẹn 69 ní ìṣẹ́jú 26. Wọ́n ń pè é ní ìdánwò òye, ṣùgbọ́n ojú akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè ni a fi wò ó, ohun tí a sì rí ni pé ìdá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ń wọn bí ènìyàn ṣe ń yára ka èdè kan. Bí èdè yẹn bá jẹ́ èdè abínibí rẹ, o ti jẹ sáré síwájú. Bí ó bá jẹ́ èdè kẹta rẹ, òye rẹ ni wọn yóò ní kò tó.

Síbẹ̀, àwa kò sí lára àwọn tí ń sọ pé kí wọ́n gbé ìdánwò sọnù. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí Faransé dá sílẹ̀ ní Dakar ní 1918, ìdánwò ni wọ́n fi ń wọ École William Ponty, láti ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Dahomey, Soudan àti Côte d'Ivoire ti ń bọ́ sí Dakar. Félix Houphouët-Boigny jáde níbẹ̀ ní 1925. Émile Derlin Zinsou tí í ṣe ọmọ Ouidah, tí ó di ààrẹ Dahomey ní 1968, dókítà tí ó gba ọ̀nà yẹn kọjá ni òun náà. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ níbẹ̀, 'dókítà ọmọ Áfíríkà' ni wọ́n ń pè é, wọn kì í kà á sí ẹgbẹ́ dókítà òyìnbó, ìwà àbùkù ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìdánwò rárá, ta ni ìbá wọlé bí kò ṣe ọmọ ẹni tí ó mọ gómìnà? Ohun tí ń ká wa lára ni pé kò sí ìkankan nínú gbogbo ìdánwò wọ̀nyí tí ń béèrè bóyá dókítà ọ̀la gbọ́ èdè ẹni tí yóò dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíláàsì lásán nílé wa. Ní 2023, ìyá àgbà ń sọ pé 'àyà mi ń já'. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọ́ Nàgó, ìlú mìíràn ni wọ́n ti gbé e wá, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí nìkan ni ó tẹ̀ lé ìyá àgbà wọlé, kò sì gbọ́ Faransé tó. Wọ́n wá pe ọkùnrin tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí ó wá ṣe ògbufọ̀. Ọkùnrin náà ní, 'Elle a peur.' Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ kò lè sọ pé irọ́ ni ó pa, nítorí àyà jíjá jẹ́ ìbẹ̀rù lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì náà fi ọwọ́ pa ìyá àgbà léjìká, ó ní kí ó má bẹ̀rù, ó fún un ní oògùn orí fífọ́, wọ́n dá a padà sílé. Àyà ìyá àgbà ń lù kì-kì-kì bí ìlù ní gbogbo àkókò yẹn. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, tí dókítà tí ó gbọ́ Nàgó fi gbé nǹkan sí i láyà, tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó yè é, ó ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀. Àbúrò wa kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Àmọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa aṣọ rírán, èyí ni ó sọ padà fún un, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìdí nìyẹn tí bàbá náà fi sanwó lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ ara kò rọrùn í túmọ̀ rárá. 'Òtútù ń mú mi', ibà ni ó ń wí, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ gbóná bí iná. 'Òòyì ń kọ́ mi.' 'Ara ń ro mí.' Faransé náà ní tirẹ̀: ẹni tí ó bá ní 'j'ai mal au cœur' kò ní àìsàn ọkàn kankan, èébì ni ó ń gbé e. Dókítà Yorùbá àtijọ́ kan wà, Oguntola Sapara, tí ó ṣiṣẹ́ ní Èkó nígbà ìjọba òyìnbó. Ó dara pọ̀ mọ́ àwọn olùsin Olóde, tí ìyá àgbà kì í jẹ́ kí a pe orúkọ rẹ̀ gan-an, kí ó lè mọ bí wọ́n ṣe ń tan àìsàn náà kálẹ̀. A kò rò pé ẹni tí ó nílò ògbufọ̀ ní ẹnu ọ̀nà lè ṣe irú rẹ̀.

Oṣù Kẹrin 2025 dé. Ọmọ náà padà sí Ìdírókò, ó ṣe ìdánwò rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà tí èsì jáde, ariwo sọ ní gbogbo Nàìjíríà: JAMB fúnra rẹ̀ kéde pé àṣìṣe ẹ̀rọ bá iṣẹ́ àwọn ọmọ 379,997 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ní ìlà-oòrùn gúúsù, wọ́n sì ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Àyà wa já, nínú ìtumọ̀ méjèèjì. Ògùn kò sí nínú rẹ̀. Máàkì 261 ni ó gbà: bàyọ́lọ́jì 71, kẹ́mísírì 64, físíìsì 60, Use of English 66. Bàbá wa gbọ́ 66 yẹn, ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni.

261 kì í ṣe ìwé ìwọlé. Àwọn tí ń wá ìṣègùn pọ̀, àyè wọn kò sì pọ̀. Ó ṣe ìdánwò ti yunifásítì tí ó yàn, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n lẹ̀ síta. Ó jáde nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa ìlera mìíràn ni wọ́n fún un, kì í ṣe ìṣègùn gan-an. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ṣe dáadáa ní ọdún kìíní lè bẹ̀bẹ̀ láti kọjá. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí ó kọ̀ ọ́ kí ó tún JAMB ṣe. Àwa ní kí ó gbà á. Àríyànjiyàn náà gba alẹ́ mẹ́ta, ìyá ìránṣọ ní Igolo pàápàá wá dá sí i, ìhà tiwa ni ó sì gbè. Ọmọ náà gbà á.

Kí ó tó lọ, ó ní kí a kọ gbogbo ohun tí aláìsàn ń wí ní Ko-Koumolou sílẹ̀ fún òun, ní Nàgó, ní Ègùn àti ní Tori, kí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé sì wà níwájú rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà, a sì ti gba àwọn ìyá mélòó kan sílẹ̀ ní ọjà. Ó ti di gbólóhùn 83. 'Inú' nìkan ni ó ń yọ wá lẹ́nu: ó jẹ́ ikùn, ó jẹ́ ilé ọmọ, ó jẹ́ ibi tí ayọ̀ àti ìbínú ń gbé. Obìnrin kan ní 'inú mi kò dára láti àná', a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin, a kò sì tíì mọ èyí tí a ó kọ sí iwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀ láti ìlú tirẹ̀, kí ó jọ̀ọ́ mú un wá fún wa kí ìsinmi tó parí, nítorí oṣù tó ń bọ̀ ni ọmọ náà ń padà wálé láti gba ìwé rẹ̀.